Ẹsẹ̀ Rẹ Ni Kí O Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi tí mo pọ̀n sẹ́yìn po amọ̀,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ilé tí ò ń gbé àti àtẹ̀gùn gígùn tí o ní o máa ń gùn kí o tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ, mo sì kí ọ̀gá rẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé o sọ fún mi pé inú rẹ̀ kì í dùn lọ́jọ́ Ajé. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn dáadáa? Ṣé oúnjẹ gidi lò ń jẹ àbí búrẹ́dì lo fi ń tan ikùn? Ọlọ́run tó ń di ẹyẹ mú lórí ẹ̀ka tí kò fi já bọ́ tó bá sùn, òun ni yóò máa dì ọ́ mú. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń wá àga, tìrẹ á ti wà nílẹ̀, wọ́n á sì ti bá ọ nù ún. Àmín.

Ara tèmi náà le, àfi pé mi ò lè jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ dé ibi tí mo ti béèrè àlàáfíà rẹ, mo dìde lọ wo kòtò amọ̀, kí n tó padà dé, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, adìẹ gun orí rẹ̀, o sì mọ ohun tí adìẹ máa ń ṣe sórí nǹkan. Wọ́n ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó ṣe ń ṣe mí gan-an nìyẹn, mi ò sì mọ èwo ni mo jẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà sọ pé ibi tí èémí mi bá ti tán ni kí n ti fi àmì sí i, ṣùgbọ́n èémí mi gùn, torí náà fara dà á bí o ṣe ń kà á. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, màá kàn sọ pé mo wà dáadáa ni, mo mọ ara mi.

Bàtà tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó dára, ó fani mọ́ra, gbogbo àdúgbò ló ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé ti òsì kì í gbọ́ràn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, mo rìn láti ilé dé ìkóríta, mò ń kí èèyàn, èèyàn ń kí mi, mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ló wọ bàtà, èkejì ń rìn ní òfìfo. Bàbá Télọ̀ tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ló sáré gbé e tẹ̀lé mi, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé téèpù ọrùn rẹ̀ ló fi ń nu ojú, ó ní òun ti ń pè mí látẹ̀yìn tipẹ́, pé ṣé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín bàtà lójú ọ̀nà ni. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Jọ̀wọ́ sọ fún ẹni tó tà á fún ọ pé kò kọ́ ti òsì lẹ́kọ̀ọ́.

Owó náà dé. Àmọ́ èmi àti obìnrin inú kíósì fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìyẹn èyí tó ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ bá wa gba owó báńkì jáde. Ó na èyí kan sí mi tó ti ya létí, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. Mo dá a padà. Mo ní ọmọ mi kì í fi owó yíya ránṣẹ́, kó tún inú ẹ̀rọ náà wò dáadáa, kó fún mi ní èyí tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà sínú rẹ̀. Ó ní Ìyá, ọ̀kan náà ni gbogbo owó. Mo ní ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo ọmọ? Ó fa dúrọ́ọ̀ ṣí, ó mú tuntun jáde. Mo gbé e símú, mo gbọ́ òórùn ìpara rẹ lára rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn dára púpọ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ bá kàn lọ́hùn-ún ló ń gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ní ti yàrá oníbúlọ́ọ̀kù tí o ní kí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́, ó ti parí, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. O ṣeun, ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ. Ṣùgbọ́n má bínú sí òótọ́ tí mo fẹ́ sọ. Mi ò lè gbé inú rẹ̀ lọ́sàn-án. Ooru ibẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Fáànù tí o rà, ooru náà ló ń pín káàkiri, kò fi igun kankan sílẹ̀ láìfún un ní tiẹ̀. Mo tẹ́ koríko fún adìẹ funfun sínú yàrá tuntun yìí kó lè sàba bí ìyàwó olówó. Ó wọlé, ó wo páànù, ó wo ilẹ̀, ó bá tirẹ̀ jáde, ó lọ sàba sínú yàrá amọ̀ tí bàbá mi mọ. Mo ní adìẹ ò mọ ohun tó dára. Àfi bí fóònù náà ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sójú fèrèsé búlọ́ọ̀kù, ó gbóná, ó kọ nǹkan sí iwájú ara rẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo gbé e lọ fún Bàbá Télọ̀ kó bá mi kà á. Ó ní fóònù sọ pé ooru ti pọ̀ jù fún òun, òun ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àfi tí ara òun bá tutù. Mo ní fóònù, o ṣe é, ohun tí èmi náà ti fẹ́ sọ tipẹ́ nìyẹn, mi ò kàn rí ẹni bá mi kọ ọ́ síwájú orí ni. Mo gbé e lọ sínú ihò kékeré tí bàbá mi dá sára ògiri amọ̀ fún ìkòkò omi, kò pẹ́ kò jìnnà, ó la ojú. Ibẹ̀ ló ń gbé báyìí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dún títí tí o bá pè lọ́sàn-án, mo ń ti ìta bọ̀ wá bá a ní ààfin rẹ̀ ni.

Mo dìde díẹ̀. Mo ti padà dé. Ariwo kan ló ń gbé mi dìde, màá sọ ariwo ohun tó jẹ́.

Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa, kí àwọn aláboyún yé gun ọ̀kadà lọ bímọ lọ́nà jíjìn. Ìgbìmọ̀ wà fún un, Alága sì wà fún ìgbìmọ̀, Alága yìí kan náà ló sì ni ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ìwọ náà mọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó fẹ́ gbé owó kalẹ̀ rán obìnrin kan wá, a ń pè é ní Àǹtí Oníwọ̀n torí pé téèpù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọn ògiri bàbá mi síbùú, ó wọ̀n ọ́n sóòró, ó wọn ihò fóònù, lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ògiri, ó di ojú. Mo rò pé eyín ló ń dùn ún. Ó ní rárá o, pé òun ń gbádùn ara òun ni. Ó ní ọdọọdún ni oòrùn ń mú sí i, owó epo jẹnẹrétọ̀ ń gun òkè, pé kò yẹ kí obìnrin tó ń rọbí máa retí fáànù tó ń retí wáyà tó ń retí ẹnì kan tó jókòó sí ìlú ńlá. Ó ní ògiri amọ̀ tó bá nípọn báyìí kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán wọlé, kì í jẹ epo, bó bá sì wó lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ tó ti wá ló ń padà sí. Ó ní iṣẹ́ tí à ń pè ní àtijọ́ yìí, àwọn tí kò tíì délé ayé gan-an ló máa wúlò fún jù. Mo ní òótọ́ ni, ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ wàrà, ó ní ta ló sọ ọ́. Mi ò fẹ́ já a kulẹ̀, mo ní bàbá mi ni.

Àdéhùn tí a wá ṣe nìyí. Ó gbé àpótí kékeré kan sínú yàrá amọ̀, ó gbé èkejì rẹ̀ sínú yàrá búlọ́ọ̀kù, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n máa fi wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ń yọ lójú wọn láti fi sọ bí yàrá ṣe gbóná tó. Bí àpótí bá jẹ́rìí pé amọ̀ tutù jù, amọ̀ ni wọ́n máa fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, èmi ni màá sì ṣe olórí àwọn tó máa po ó. Bí kò bá jẹ́rìí, búlọ́ọ̀kù Alága ni. Ó ní kí n má fọwọ́ kan àpótí méjèèjì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ mi, àlejò ni wọ́n, mo sì tọ́jú wọn bí àlejò. Èyí tó wà nínú yàrá amọ̀ ò da ẹnikẹ́ni láàmú. Ṣùgbọ́n ti yàrá búlọ́ọ̀kù, mo wọlé lọ́jọ́ kejì, mo bá a ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo yí padà, ó ti di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, oòrùn kò tíì dé àárín orí, ó ti di mẹ́rìndínlógójì. Mo rántí ìgbà tí ibà mú ọ ní kékeré, bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè ni ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì ń yá sí i. Ṣé mo máa rí ohun tí ara rẹ̀ ń gbóná kí n káwọ́ lẹ́yìn? Mo fi gèlè wé ọwọ́ kí n má bàa fọwọ́ kàn án bí Àǹtí ṣe wí, mo gbé e lọ bá èkejì rẹ̀ nínú yàrá amọ̀ kó lọ sinmi. Nọ́ńbà rẹ̀ wálẹ̀, inú mi dùn. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo gbé e padà sí ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lójoojúmọ́ fún gbogbo ọjọ́ tó kù. Mo tilẹ̀ rò pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ pé, Àǹtí dé, Alága náà dé pẹ̀lú fìlà ńlá. Àǹtí so àwọn àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ohun kan náà ni àwọn àpótí méjèèjì ń sọ ní gbogbo ọ̀sán. Alága rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, ó ní ẹ̀rọ kì í parọ́, pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mú ìwé wá kí òun fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo ní Àǹtí, ẹ wo àpótí tí mo ṣe lálejò, tí mò ń fi gèlè gbé bí ọmọ tuntun, òun ló wá lọ jẹ́rìí èké sí mi lórí yìí. Ó ní kí ni mo ń gbé. Mo ṣàlàyé gbogbo ìtọ́jú tí mo tọ́jú rẹ̀. Ọmọ mi, obìnrin yẹn fi ṣòkòtò funfun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín, ó wá fi ìlà kan hàn mí lójú kọ̀ǹpútà tó ń gòkè láràárọ̀ tó sì ń já wálẹ̀ lójijì lọ́sàn-án bí ẹni tó bẹ́ sódò, ó ní òun ti rò pé àpótí ló bàjẹ́. Wọ́n tún gbé àpótí méjèèjì kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, kí oòrùn tó mú ni mo ti ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀, mò ń bá a fa òwú sínú abẹ́rẹ́ kí àánú má bàa gbé mi dìde. Nígbà tí wọ́n kà á, yàrá amọ̀ fi nọ́ńbà méje tutù ju yàrá búlọ́ọ̀kù lọ. Adìẹ ti mọ̀ tipẹ́.

Alága ò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n ó béèrè ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ gidi sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Ó ní ó dáa, ìyá yìí lè mọ ọ́n, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ń fẹ́ àtúnṣe, ní ogún ọdún sí i, ta ló máa pè? Gbogbo wọn wò mí. Àǹtí fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n lọ kọ ọ́ nílé.

Fọ́ọ̀mù yẹn béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni bí ìyá ọkọ. Ó ní ìwọ̀n omi mélòó sí amọ̀ mélòó, mo kọ ọ́ pé títí ẹsẹ̀ á fi ní ó tó. Ó ní ọjọ́ mélòó, mo kọ ọ́ pé kí amọ̀ sùn, kó sì jí. Ó ní ta ló kọ́ ọ, mo ní bàbá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Ó wá ní ta ni o kọ́. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo lọ fún adìẹ lómi, mo padà wá, ìbéèrè náà ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ. Mo kọ ọ́ látòkè délẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí ò ń ṣe, mo kọ ọ́ pé o wà ní ọ́fíìsì, ò ń sinmi ẹsẹ̀. Bí obìnrin kan tí o kò mọ̀ bá pè ọ́, tó ń béèrè amọ̀, jọ̀wọ́ má sọ pé nọ́ńbà ló ṣì.

Mo tún dìde. Mo ti dé.

Ibi tó ń dà mí láàmú la dé yìí, mo ti ń rìn yí i ká láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Àǹtí ní kí a kọ́kọ́ mọ ògiri kan sí àgbàlá kí gbogbo èèyàn rí i, bó bá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á buwọ́ lùwé. Ó gba ọkùnrin mẹ́rin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ tó ń pọn omi, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa po ó, èmi ni mo máa sọ ìgbà tó bá tó. O mọ bí bàbá àgbà rẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Ní àkọ́kọ́ amọ̀ á máa ta ẹsẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́, tó bá ṣe díẹ̀ á máa di ẹsẹ̀ mú bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò lọ, tó bá sì yá, á dákẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ló tó. Mo bọ́ sínú rẹ̀, mò ń pò ó, mò ń retí kó dákẹ́. Àṣé láti àárọ̀ ló ti dákẹ́. Mo ní áà, amọ̀ rere rèé o, kò fẹ́ wàhálà. Mo sọ fún wọn pé ó ti tó. A mọ ọ́n ní ìpele mẹ́ta, ó dúró ṣánṣán, Àǹtí ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kẹrin, ó là láti èjìká dé ìbàdí, ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Tèmi lanu, aláǹgbá méjì ti kó ẹrù wọlé.

Mo lọ rí nọ́ọ̀sì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n na ẹsẹ̀ òsì, kí n di ojú, kí n máa sọ fún òun nígbàkigbà tí òun bá fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo di ojú, mò ń retí abẹ́rẹ́, ó pẹ́, mo ní Nọ́ọ̀sì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ná, mo ti ṣe tán. Ó ní òun ti gún un lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Mo ní èmi tí kì í mu tíì, báwo ni ṣúgà ṣe wá gba ọ̀fun mi kọjá títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ tí mi ò rí i? Ó fún mi lóògùn, ó ní mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ mọ́, ọ̀tún náà ti ń tẹ̀ lé òsì. Torí náà, má bá ẹni tó ta bàtà jà mọ́. Bàtà yẹn ò jẹ̀bi.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Kì í ṣe ikú, oògùn yẹn dára, nọ́ọ̀sì ní bí mo bá ń lò ó déédéé, màá pẹ́ láyé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ohun tí bàbá mi fi sí mi lẹ́sẹ̀, tí bàbá tirẹ̀ fi sí i, ó ń kú lábẹ́ mi, mi ò sì lè fi ẹnu sọ ọ́, mi ò lè kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo ti gbìyànjú láti fi ọwọ́ pò ó. Ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n. Mo purọ́ fún Àǹtí, mo ní oòrùn ló tètè gbẹ ẹ́. Ó gbà mí gbọ́, ó ní ká mọ òmíràn, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ méjì tirẹ̀. Alága ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ ní tirẹ̀, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń gbé mi dìde látàárọ̀, ó ń dún bí ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ìdí tí o fi kúrò nídìí amọ̀. Ọmọ ọdún méje ni ọ́, àwọn ọmọ iléèwé rẹ ń pè ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Pupa, o sunkún wálé, o ní o ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́ láéláé. Èmi fúnra mi ni mo ní kí o máa lọ, kí o kàwé, kí ẹsẹ̀ rẹ má rí bíi tèmi. Mi ò dá ọ lẹ́bi rárá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ọ láti ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ẹkún yẹn, a jọ ń po amọ̀ ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná, o di etí ìró mi mú, o ṣàdédé dúró, o ní ó ti tó, ó ti dákẹ́. Èmi ò tíì gbọ́ ọ. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Mo ní ká máa bá a lọ, mo fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta kún un, nígbà náà ni ó dákẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi. O ti ṣáájú mi gbọ́ ọ. Mi ò yìn ọ́, torí mi ò fẹ́ kó wọ̀ ọ́ lórí, mo fẹ́ kí o lọ sí iléèwé. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, ògiri yẹn ò lanu rí. Mo tún lọ wò ó láàárọ̀ yìí, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e bí Àǹtí ṣe ṣe.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ tọrọ lóṣù yìí yàtọ̀. Owó náà wà níbẹ̀ o, má rò pé mo gbàgbé: owó koríko tí a máa gé lé amọ̀, owó oúnjẹ àwọn ọkùnrin mẹ́rin, àti ti oògùn mi, sì jẹ́ kó jẹ́ tuntun, torí obìnrin kíósì yẹn. Mo lọ bá a lánàá. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń gbé ohun tó ti ọwọ́ rẹ kúrò dé ọ̀dọ̀ mi, ṣé ó lè gbé ti ẹsẹ̀ náà? Kò bá mi jà lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní Ìyá, owó nìkan ló ń gbé, ẹsẹ̀ máa ní láti fúnra rẹ̀ wá.

Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, ọjọ́ mẹ́ta péré, kó ṣáájú ọjọ́ kẹrìndínlógún. Mi ò ní kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Mi ò ní kí o fẹ́ràn rẹ̀. Má ra búrẹ́dì wá, aṣọ tó ti gbó ni kí o mú wá. Tí o bá dé, má kí mi pẹ́, má sì béèrè ẹsẹ̀ mi, torí ẹkún ni màá sun, mi ò sì fẹ́ sunkún níṣojú Alága. Bọ́ bàtà rẹ sétí kòtò, kí o bọ́ sínú rẹ̀. Èmi á jókòó sórí àpótí ìjókòó pẹ̀lú bàtà mi lẹ́sẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, o lè di etí ìró mi mú bí o bá fẹ́. Tó bá dákẹ́, pariwo rẹ̀ sókè kí Alága gbọ́ ọ láàárín ariwo ẹ̀rọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbà tí o bá ní ó tó ló tó. Mi ò ní fi ìgbésẹ̀ kankan kún un.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ á gbà fún ọ. Ohun tí o bá mọ kò ní là. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní sùn lábẹ́ rẹ, ọmọ tìrẹ náà á di etí ìró rẹ mú, á sọ òótọ́ fún ọ, wàá sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi ni ìyá rẹ, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo dúró ni, mi ò jókòó.